Orúkọ Kan, Ilẹ̀ Púpọ̀: Ìwádìí lórí Bí Orúkọ Ṣe Ń Rìn ní Etíkun Àgbádárìgì

Ní orílẹ̀-èdè Haiti, Ògún kì í ṣe ẹyọ kan. Ogou Feray wà, Ogou Balendjo wà, jagunjagun kan sì wà láàárín wọn tí àwọn olùsìn Vodou ń pè ní Ogou Badagri. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń kí i kò mọ ọ̀nà Nàìjíríà. Lọ́dọ̀ tiwa níhìn-ín, Àgbádárìgì jẹ́ ìlú, ó jẹ́ ọ̀sà, ó jẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ó jẹ́ ọ̀kan nínú ẹkùn márùn-ún tí wọ́n pín Ìpínlẹ̀ Èkó sí, ó tún jẹ́ títì márosẹ̀ tí ẹni tó ń gùn ún lè máà fojú kan ìlú náà láéláé. Báwo ni orúkọ ìlú kan ṣe di ti òrìṣà lókè òkun tó sì tún di ohun tí kọ́ńdọ́ ń pariwo ní Mile 2?

Ìró orúkọ nìkan kò lè dá wa lóhùn. Ẹni tó gbé orúkọ náà ló yẹ kí á wá. Ohun tí mo rí ni pé orúkọ tí àwọn tó ni ín bá fọwọ́ ara wọn gbé rìn a máa sọ ilẹ̀ rẹ̀ nù, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kì í bọ́ lára rẹ̀. Èyí tí àlejò tàbí ìjọba bá nà kọjá ààyè rẹ̀ a máa gba ilẹ̀ sí i, àwọn tó ni ín gan-an ni a kì í rí nínú rẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ìdí. Àwọn Ogu, tí Yorùbá ń pè ní Ègùn, kò ṣàdédé pọ̀ sí etí ọ̀sà yìí. Ogun Dahomey ló lé púpọ̀ nínú wọn wá. Allada ṣubú ní 1724, Ouidah ní 1727, Jakin ní 1732, ẹni tó bá sì rí ẹsẹ̀ sá kọrí sí ìlà-oòrùn. Oníṣòwò ará Holland kan, Hendrik Hertogh, kúrò ní Jakin ó sì bá wọn dé Àgbádárìgì, níbi tí wọ́n ti pa á ní 1738. Huntokonu ni ìtàn ìlú ń pè é. Òpìtàn Robin Law kọ ọ́ ní 1994 pé àsìkò yìí ni Àgbádárìgì di èbúté òwò ẹrú. Èmi gba tirẹ̀ gbọ́ ju ọdún 1502 tí wọ́n máa ń sọ fún àlejò pé ọjà Vlekete bẹ̀rẹ̀ lọ. Ní ti orúkọ ìlú, ìtàn ẹnu ní oko àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Agbethe ni ó ti wá, tí wọ́n ń pè ní Agbadagleme. Yorùbá sọ ọ́ di Àgbádárìgì. Nígbà tí arìnrìn-àjò Òyìnbó nì, Clapperton, fi máa gúnlẹ̀ níbẹ̀ ní 1825, tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Lander sì dé ní 1830, àwọn Òyìnbó ti gé orí rẹ̀ kù: Badagry.

Láàárín ìgbà tí èbúté náà dìde àti 1791 tí àwọn ẹrú Saint-Domingue, Haiti ìsinsìnyí, gbé ogun dìde sí àwọn ọ̀gá wọn, ọkọ̀ òkun kó èèyàn kúrò ní etíkun yìí lọ sí erékùṣù náà léraléra. Àwọn yẹn ló gbé Badagri dé Haiti. Àwọn ará Allada náà gbé tiwọn dání: Rada ni wọ́n ń pe odidi ọ̀wọ́ kan nínú àwọn ẹ̀mí Vodou títí di òní, Arará sì ni wọ́n ń pe àwọn ọmọ wọn ní Cuba. Ẹ wò ó bí ó ṣe rí: kò sí ẹni tó tẹ ìlú kan dó ní Haiti kó sọ ọ́ ní Badagri. Ẹni tí wọ́n tà kò ní ilẹ̀ tí yóò fún lórúkọ. Ara òrìṣà nìkan ni ó rí fi orúkọ ìlú pamọ́ sí.

Vlekete fi èyí hàn jù. Ẹni tó bá lọ sí Àgbádárìgì lónìí, ọjà ẹrú ni wọn yóò kọ́kọ́ fi Vlekete júwe fún un. Ṣùgbọ́n vodun (òrìṣà) òkun àti afẹ́fẹ́ ni Vlekete kó tó di ọjà. Ojúbọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀, ọjà sì gba orúkọ ojúbọ, bí a ti ń ṣe níbi gbogbo nílẹ̀ wa. Tí a bá tẹ̀ lé etíkun lọ sí ìwọ̀-oòrùn, abúlé kan wà lẹ́bàá Ouidah tó ń jẹ́ Avlékété. Nínú ìtàn àwọn ará ibẹ̀, Avlekete ni àbíkẹ́yìn ìdílé òkun àti àrá, ọmọ tí wọ́n kẹ́ lákẹ̀ẹ́jù.

Ẹ wá bá mi sọdá sí São Luís, ní Maranhão, lórílẹ̀-èdè Brazil. Casa das Minas wà níbẹ̀, ilé ìsìn tí àwọn obìnrin tó ti Dahomey wá dá sílẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Averequete wà lára àwọn vodun ilé náà, nínú ìdílé Quevioçô tó ni àrá. Odi ni àwọn vodun ìdílé yẹn, wọn kì í fọhùn nínú ilé náà. Àwọn ọ̀dọ́ ìdílé ló ń sọ̀rọ̀ fún wọn, Averequete sì ni ọ̀kan. Àbíkẹ́yìn ni ó ṣì jẹ́, òkun àti àrá ṣì ni ìdílé rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí ọjà tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ níbẹ̀, kò sì sí abúlé. Orúkọ náà tilẹ̀ tún jáde kúrò nílé ìsìn. Ní Belém, wọ́n sọ gbajúmọ̀ olórin carimbó kan ní Mestre Verequete, ọkùnrin tó kú ní 2009. Láti ojúbọ dé ọjà, láti ọjà dé abúlé, láti inú vodun dé ara olórin: kò sí ìjọba kan tó fọwọ́ sí ìrìn yìí, síbẹ̀ a rí ipasẹ̀ rẹ̀ tọ̀.

Ti àwọn atukọ̀ yàtọ̀. Láti ojú omi ni wọ́n ti ń fún ilẹ̀ lórúkọ. Nígbà tí àwọn Pọtogí gbọ́ òkìkí ọba Ẹdó, wọ́n fi orúkọ ìjọba rẹ̀ pe gbogbo ìyawọlẹ̀ òkun tó wà níwájú etíkun wa, Àgbádárìgì pẹ̀lú. Bight of Benin ni ó jẹ́ nínú máàpù láti ìgbà náà. Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 1975, Mathieu Kérékou, ààrẹ Dahomey, kéde pé orílẹ̀-èdè náà kò ní jẹ́ Dahomey mọ́. Orúkọ yẹn jẹ́ ti ìjọba Fọ̀n kan ṣoṣo, inú àwọn ẹ̀yà yòókù kò sì dùn sí i. Ó wá mú orúkọ lára omi tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni: Benin. Ọgbọ́n ìṣèlú ni, mi ò bá a wí. Àmọ́ ìlú tó ni orúkọ wà ní ìlà-oòrùn Èkó, orílẹ̀-èdè tó ń jẹ́ ẹ wà ní ìwọ̀-oòrùn Àgbádárìgì, olùkọ́ ìtàn sì ní láti máa ṣàlàyé lọ́dọọdún pé ère idẹ Benin kò ti Cotonou wá.

Èkó náà bọ́ sínú pańpẹ́ yìí. Lagos kan wà ní gúúsù Portugal, èbúté tí wọ́n já ẹrú 235 sí ní 1444. Lagos de Moreno wà ní Mẹ́síkò. Ẹni tó bá rí ọ̀sà, tó sì gbọ́ èdè Pọtogí, kò ṣòro fún un láti sọ ibẹ̀ ní Lagos. Àwọn kan náà ló sọ aládùúgbò wa ní Porto-Novo, bí wọ́n ṣe sọ èbúté kan ní Cape Verde àti òmíràn ní gúúsù Íńdíà. Èbúté tuntun ni gbogbo wọn lójú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé. Hogbonu ni àwọn Ogu ń pè é, Àjàṣẹ́ ni tiwa. A sì ní Àjàṣẹ́ kejì ní Ìpínlẹ̀ Kwara, ṣùgbọ́n Yorùbá kò jẹ́ kí méjèèjì dàpọ̀: Àjàṣẹ́-Ipo ni ti Kwara. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe Adó-Odò, tí kò jìnnà sí Àgbádárìgì, àti Adó-Èkìtì. A kì í bínú pé ẹlòmíràn jẹ́ orúkọ wa. A kàn ń fi àpèlé kún un.

Ìjọba kì í sábà rántí àpèlé. Ìpínlẹ̀ Èkó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, ní ẹkùn márùn-ún tí wọ́n ń fi lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ wọn pe IBILE; B ibẹ̀ ni Badagry. Òjó, Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin àti Ajérọ̀mí-Ìfẹ́lódùn wà nínú ẹkùn náà pẹ̀lú. Ọmọ Ajégúnlẹ̀ tó ń wo ọkọ̀ ojú omi Àpápá láti ẹnu ọ̀nà wọn, ará Badagry ni nínú ìwé. Ní 2003 wọ́n tún gé ìjọba ìbílẹ̀ Badagry, ni a bá rí Badagry West, tí Kankon jẹ́ ibùjókòó rẹ̀, àti Ọlọ́rundá. Ti Sẹ̀mẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Orúkọ náà wà ní ìhà méjèèjì ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fẹnu kò lé lórí ní 1889: Sèmè-Kpodji lọ́hùn-ún, Sẹ̀mẹ̀ bọ́dà níhìn-ín, àti kànga epo inú òkun tí Benin bẹ̀rẹ̀ sí í fa epo nínú rẹ̀ ní 1982. Orúkọ yẹn kò rìn rárá, ilẹ̀ ni wọ́n là mọ́ ọn lórí.

Ọlọ́rundá tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan mú wa dé ọ̀dọ̀ orúkọ tí kò nílò ẹni tí yóò gbé e. Ọlọ́rundá kan wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ìjọba ìbílẹ̀ ni òun náà. Sùúrùlérè wà ní Èkó, ó wà ní Ọ̀yọ́. Ìfẹ́lódùn wà ní Ọ̀ṣun àti Kwara, Ìrẹ́pọ̀dùn bákan náà, Èkìtì sì so méjèèjì pọ̀ sọ́wọ́ kan. Ajégúnlẹ̀ kò lóǹkà. Kò sí ìkankan nínú wọn tó jí ti èkejì. Àdúrà ni, tàbí ẹ̀bẹ̀ fún àwọn ìlú tí kò fẹ́ kí wọ́n so orúkọ ara wọn mọ́ ìjọba kan náà. Ìgbà tí ìlú mẹ́ta bá ń jà nítorí orúkọ ni ìjọba máa ń rántí pé ìfẹ́ dùn.

Orúkọ tuntun kan tún ń tàn kálẹ̀ ní etíkun yìí nísinsìnyí. Gbèrèfú ni erékùṣù tí wọ́n ń kó ẹrú gbà dé etí òkun, àmọ́ Point of No Return ni àlejò ń béèrè. Ouidah kọ́ Porte du Non-Retour tirẹ̀ ní 1995. Gorée ní ẹnu ọ̀nà bẹ́ẹ̀, Cape Coast náà ní. Ìtàn kan náà ló bí wọn, mi ò jiyàn. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé ìwé ìrìn-àjò yóò mú ibi mẹ́rin wọ̀nyí bí ẹni pé ibì kan ni wọ́n, a ò sì ní gbọ́ Gbèrèfú mọ́.

Ó ku àwọn tí ìró wọn ń tan ni jẹ. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tó jáde ní 1921, ka ọba Pópó mọ́ àwọn ọmọ ọmọ Odùduwà; Grand-Popo ṣì wà ní Benin, Aného ní Togo sì ti jẹ́ Petit-Popo rí. Àwọn wọ̀nyẹn bára tan. Pópó Àgúdà ní Erékùṣù Èkó kò bá wọn tan: òpópó ni pópó ibẹ̀, àdúgbò àwọn tó ti Brazil padà wá. Seme kan sì wà ní Kenya, ní Kisumu, láàárín àwọn Luo. Mo ti bá ẹni tó fẹ́ fi í ṣe ẹ̀rí pé àwọn Ogu ti ìlà-oòrùn Áfíríkà wá pàdé. Kò lè sọ ẹni tó gbé e, kò lè sọ ọ̀nà tó gbà, kò sì lè tọ́ka sí òrìṣà, oúnjẹ tàbí oríkì kan tó bá orúkọ náà rìn. Títí ẹnìkan yóò fi mú ọ̀kan nínú wọn wá, Seme méjì ni mo kà wọ́n sí.