Ọjọ́ A Bá Kú Là Á Dère: Ìrántí Àwọn Òṣèré Tó Ti Lọ nínú Ìtàn Tíátà Yorùbá

Ìfáárà

Láàárín oṣù Ọ̀wẹwẹ̀ 2020 sí oṣù Ẹrẹ́nà 2023, ikú mú mẹ́ta lọ nínú àwọn òṣèré tí wọ́n sọ eré Àrélù di ohun tí tọmọdé tàgbà ń pé jọ wò lórí tẹlifíṣàn ní ẹ̀wádún 1980. Jimoh Aliu, tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí Àwòrò, ni ó kọ́kọ́ lọ, ní ọjọ́ 17 oṣù Ọ̀wẹwẹ̀ 2020. Fọlákẹ́ Àrẹ̀mú, tí í ṣe Òrìṣàbùnmi, tẹ̀ lé e ní oṣù Ṣẹẹrẹ 2021. Ní oṣù Ẹrẹ́nà 2023 ni Òjó Arówóṣafẹ́, tí í ṣe Fádèyí Olóró, papò dà. Ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, ìròyìn náà tàn kálẹ̀, àwọn ènìyàn kẹ́dùn, wọ́n sọ bí ẹ̀rù òṣèré náà ṣe máa ń bà wọ́n ní kékeré, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ rọlẹ̀.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọjọ́ a bá kú là á dère, ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè. Òwe yìí sábà máa ń jẹ́ ẹ̀gàn sí àwọn tí kì í yin ẹni títí ilẹ̀ fi gbé e mì. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ yẹ̀ wò ni ère náà fúnra rẹ̀: ta ni ó ń gbẹ́ ẹ, igi wo ni ó fi ń gbẹ́ ẹ, ojú ta ni ó sì ń gbẹ́ sí i lára? Èrò wa ni pé ọ̀nà tí Yorùbá ń gbà rántí òṣèré ti yí padà láàárín nǹkan bí igba ọdún. Nígbà kan, inú iṣẹ́ gan-an ni ìrántí wà, àwọn òṣèré fúnra wọn ni wọ́n sì ń ṣe é. Lónìí, ẹ̀yìn iṣẹ́ ni ó wà, ọwọ́ àwọn òǹwòran ni ó sì bọ́ sí. Ìyípadà yìí ní èrè tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní àdánù pẹ̀lú.

Ìjúbà gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀

Ní oṣù Èrèlé 1826, Hugh Clapperton, arìnrìn-àjò ará Scotland, wo eré kan ní Ọ̀yọ́-Ilé. Ó ṣàpèjúwe àwọn tí wọ́n jó nínú àpò, ó ṣàpèjúwe erè ńlá tí wọ́n fi ènìyàn ṣe, ó sì sọ nípa ẹ̀dà òyìnbó tí ó jáde tí gbogbo agbo fi ń rẹ́rìn-ín. Àkọsílẹ̀ rẹ̀ ti wúlò púpọ̀ fún àwọn onímọ̀ tíátà, nítorí ó fi hàn pé eré alárìnjó ti gbó dáadáa kí òyìnbó tó gba ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n Clapperton kò kọ orúkọ òṣèré kan ṣoṣo sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìwé nìkan ni a ní, gbogbo àwọn tí wọ́n ṣeré lọ́jọ́ náà ì bá ti di aláìlórúkọ.

Ibi tí ìwé ti dákẹ́ ni ìjúbà ti ń sọ̀rọ̀. Alárìnjó kì í bẹ̀rẹ̀ eré láìjúbà. Ó ń júbà Olódùmarè, ó ń júbà àwọn àgbà ayé, ó sì ń júbà àwọn tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ náà ṣáájú rẹ̀. Orúkọ Ológbìn Ológbojò, tí ìtàn so mọ́ ìpìlẹ̀ eré eégún ní ààfin Ọ̀yọ́, àti ti Èṣà Ọ̀gbín, tí a fi orúkọ rẹ̀ pe èṣà eégún títí di òní, dé ọ̀dọ̀ wa nítorí pé àwọn tí wọ́n ń jẹun nídìí iṣẹ́ náà kò dákẹ́ orúkọ wọn. Lójú tiwa, ìjúbà ju àdúrà lọ. Ìwé orúkọ ni, a sì ń ṣí i ní gbogbo ìgbà tí eré bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá kú nínú iṣẹ́ yóò wọ inú rẹ̀, ìrántí rẹ̀ yóò sì máa jáde pẹ̀lú ìlù, kì í ṣe ní ọjọ́ ìsìnkú nìkan.

Àwọn ọdẹ náà ní irú ètò yìí. Nígbà tí ọdẹ bá kú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a ṣe ìpà fún un, wọn a sì sun ìrèmọ̀jé. Nínú ìrèmọ̀jé, ẹni tí ó lọ kì í ṣe ọdẹ lásán; a ó dárúkọ ìran rẹ̀, a ó sọ ẹran tí ó pa àti igbó tí ó dẹ. Bí ó bá jẹ́ oníjàálá, ẹnu àwọn tí wọ́n mọ ìjálá sun ni a ó ti gbọ́ bí ó ṣe ń sun tirẹ̀. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ni ó ń ṣe ìrántí oníṣẹ́.

A kò gbọdọ̀ sọ ètò àtijọ́ yìí di ọ̀run rere. Ìjúbà ń pa orúkọ olórí agbo àti baba ìdílé mọ́ ju orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ lọ. Àwọn obìnrin tí wọ́n ń gbe orin nínú agbo alárìnjó kò pọ̀ nínú rẹ̀. Àlàfo yìí kò parí síbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ó ṣe rí i láìpẹ́.

Nígbà tí orúkọ eré gbé orúkọ ènìyàn mì

Tíátà alárìnkiri tí Hubert Ògúndé dá sílẹ̀ ní 1945 mú ọ̀nà tuntun wá. Ìjúbà di orin ìbẹ̀rẹ̀ eré, tí ó ń fi ẹgbẹ́ han àwọn òǹwòran tí ó sì ń polówó ohun tí wọ́n fẹ́ rí. Nígbà tí eré kúrò lórí ìtàgé bọ́ sórí tẹlifíṣàn, orin náà tún kúrú sí i. Orúkọ àwọn òṣèré di àkọlé tí ó ń sáré kọjá lójú agbo. Púpọ̀ nínú àwọn òǹwòran kò mọ ìwé kà, àwọn tí ó mọ̀ ọ́n kà kò sì rí àyè kà á tán. Ohun tí wọ́n mú lọ sílé ni orúkọ ẹ̀dá-ìtàn.

Ẹnìkan lè jiyàn pé èyí kì í ṣe tuntun. Lóòótọ́, àwọn agbo alárìnjó bíi Agbégijó, Àjàngìlà àti Aiyélabọ́lá ní ìnagijẹ tiwọn. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà. Ìnagijẹ alárìnjó so mọ́ ìdílé àti oríkì. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ yóò mọ ilé tí òṣèré náà ti wá. Fádèyí Olóró kò so mọ́ ilé kankan. Inú ìtàn kan ṣoṣo ni ó ti wá. Bí ìtàn náà bá sì ti di ìgbàgbé, orúkọ náà kò ní gbòǹgbò tí yóò dì mú.

Ẹ jẹ́ kí a wo Jimoh Aliu. Òkè-Ìmẹ̀sí ní Èkìtì ni wọ́n ti bí i, ọmọ babaláwo ni. Ní 1959 ni ó dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ eré Akin Ògúngbè. Ó lo nǹkan bí ọdún méje níbẹ̀ kí ó tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Ìkàrẹ́ ní 1966. Ó wọ iṣẹ́ ológun ní 1967, ó sì fẹ̀yìn tì ní 1975 kí ó lè fi gbogbo ara ṣe tíátà. Nínú ìgbésí ayé yìí, a rí ilé babaláwo, a rí ilé ẹ̀kọ́ ọ̀gá àti ọmọ-iṣẹ́, a rí ogun abẹ́lé. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ibi tí ọfọ̀ inú Àrélù ti jẹ yọ kò ní fojú fo ilé tí a ti tọ́ ọ dàgbà. Síbẹ̀, ohun tí ó gba ẹnu àwọn ènìyàn kan ní ọjọ́ tí ó kú ni Àwòrò, bí ẹni pé láti inú ojúbọ tẹlifíṣàn ni ó ti jáde.

Ọ̀rọ̀ Fọlákẹ́ Àrẹ̀mú tún jinlẹ̀ ju èyí lọ. Nínú tíátà alárìnkiri, ó wọ́pọ̀ kí ọ̀gá ẹgbẹ́ fi àwọn òṣèrébìnrin ṣe aya. Ògúndé ṣe é, àwọn mìíràn sì tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Ìdí kan ni pé ìlú ń fojú aṣẹ́wó wo obìnrin tí ó ń bá ẹgbẹ́ eré kiri. Ìdí kejì ni pé ọ̀gá kò fẹ́ kí ọmọ ẹgbẹ́ tí òun ti kọ́ níṣẹ́ lọ sílé ọkọ, kí iṣẹ́ sì dúró. Òrìṣàbùnmi ti fìgbà kan jẹ́ aya Jimoh Aliu, lẹ́yìn tí wọ́n sì kọ ara wọn sílẹ̀, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Nígbà tí ó kú, ìròyìn kì í pẹ́ kí ó tó dé orí ìgbéyàwó yẹn. A kò gbọ́ púpọ̀ nípa ohùn rẹ̀, nípa bí ó ṣe ń pe ọfọ̀ láìkọsẹ̀, tàbí nípa bí ó ṣe mú kí obìnrin alágbára jẹ́ ẹni tí a kì í fi rẹ́rìn-ín nínú eré. Obìnrin tí ìjúbà àtijọ́ kò dárúkọ, ìkéde òde òní dárúkọ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí aya ọ̀gá.

Ohun tí ó yá ju ikú lọ

Kì í ṣe gbogbo òṣèré ni ó bọ́ sínú kòtò yìí. Àyìnlá Ọmọwúrà, olórin àpàlà, kú ní Abẹ́òkúta ní ọjọ́ 6 oṣù Èbìbí 1980, nínú ìjà ilé ọtí. Ó lé ní ogójì ọdún tí ó ti kú, síbẹ̀ Festus Adédayọ̀ kọ ìwé ńlá nípa ìgbésí ayé rẹ̀ ní 2020, Túndé Kèlání sì gbé sinimá Àyìnlá jáde ní 2021. Kí ni ó fà á? Àwo orin ni. Ilé-iṣẹ́ EMI tẹ orin rẹ̀ sórí àwo ní ọ̀pọ̀ ìgbà, àwọn àwo náà wà nínú ilé àwọn ènìyàn, ẹni tí a kò sì tíì bí nígbà tí ó kú lè gbọ́ ohùn rẹ̀ lónìí.

Ìwé náà ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, pàápàá èyí tí a kọ nígbà tí ẹni náà wà láàyè. Ẹ̀bùn Clark kọ ìwé lórí Ògúndé ní 1979, ọdún mọ́kànlá kí Ògúndé tó kú ní London ní ọjọ́ 4 oṣù Igbe 1990. Karin Barber bá ẹgbẹ́ Oyin Adéjọbí kiri, ó bá wọn ṣeré, ó gba ohùn wọn sílẹ̀, ó sì fi ìwé tí ó jáde ní 2000 sọ bí eré kan ṣe ń yí padà láti ìlú dé ìlú. Nínú ìwé yẹn, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí kì í ṣe ọ̀gá náà sọ̀rọ̀. Nítorí náà, a lè kọ́ ìtàn ẹgbẹ́ Adéjọbí lónìí láìdúró de ìkéde ikú ẹnikẹ́ni.

Ẹ fi èyí wé ti Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, Bàbá Sàlá, tí ó kú ní ọjọ́ 7 oṣù Ọ̀wàrà 2018. Gbogbo ènìyàn rántí ìgò ojú rẹ̀ tí kò ní gíláàsì àti aago ńlá tí ó máa ń gbé kọ́ ọrùn. Ṣùgbọ́n sinimá rẹ̀ Ọ̀run Móoru, tí Ọlá Balógun darí ní 1982, ni àwọn olè jí dà kọ tí wọ́n sì ń tà lórí fídíò, gbèsè sì wọ ọ̀gá náà lọ́rùn. Àwọn tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín nídìí àdàkọ yẹn wà lára àwọn tí wọ́n kẹ́dùn ní 2018.

Ọ̀rọ̀ owó yìí kò ṣe é yà sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ ìrántí. Kí Fádèyí Olóró tó kú, àìsàn dá a gúnlẹ̀, a sì rí fídíò rẹ̀ níbi tí ó ti ń bẹ àwọn ènìyàn fún ìrànlọ́wọ́. Òṣèré tí kò ní ẹ̀tọ́ kankan lórí fọ́nrán eré rẹ̀ kò lè jẹ nínú rẹ̀ lọ́jọ́ alẹ́. Fọ́nrán tí kò sì ní olówó tí ń gba èrè rẹ̀ kì í rí ẹni tọ́jú rẹ̀. Ohun kan náà tí ó sọ òṣèré di alágbe ni ó ń sọ iṣẹ́ rẹ̀ nù.

Àgbálọgbábọ̀

Ní 2024, Jimi Ṣólàńkẹ́ lọ ní oṣù Èrèlé, Charles Olúmọ, Àgbákò, sì lọ ní ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀wàrà, lẹ́yìn tí ìròyìn ti sọ pé ó ti lé ní 100 ọdún. Àwọn tí wọ́n mọ tíátà alárìnkiri láti inú ọkọ̀ ẹgbẹ́, tí wọ́n mọ ẹni tí ń lu ìlù àti ẹni tí ń gba owó lẹ́nu ọ̀nà, kò pọ̀ mọ́.

Yorùbá ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ohun tí ojú àwọn onímọ̀ gbọ́dọ̀ rí nínú ẹkún yìí kò le. Ẹni tí ó bá ń kọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ oyè lórí eré kan, kí ó kọ orúkọ gbogbo òṣèré inú rẹ̀ sílẹ̀, orúkọ àbísọ ṣáájú orúkọ eré, pẹ̀lú ìlú tí wọ́n ti wá àti ẹni tí ó kọ́ wọn níṣẹ́. Kí a lọ bá àwọn obìnrin ẹgbẹ́ tí wọ́n ṣì wà láàyè, kí a bi wọ́n léèrè nípa iṣẹ́ kí a tó bi wọ́n nípa ọkọ. Kí a bèèrè fọ́nrán tí ó wà lábẹ́ ibùsùn lọ́wọ́ àwọn ọmọ olóògbé kí òjò tó bà á jẹ́. Irú iṣẹ́ yìí ni alárìnjó ń ṣe nígbà tí ó bá dúró lójú agbo, tí ó ń ka orúkọ àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ kí ó tó gbé ẹsẹ̀ jó. Àwa tí a ń fi ìtàn wọn gba oyè ni ìjúbà náà kàn báyìí.