Ẹrù Ló Ni Sípíríǹgì: Ìtàn Gbígbọ̀n Ọkọ̀ Ẹrù ní Ìbàdàn Àtijọ́

Kí ọkọ̀ tó dé Ìbàdàn, òṣùká ló máa ń wà láàárín ẹrù àti orí ẹni tó rù ú. Aṣọ tí wọ́n lọ́ pọ̀ ni, tàbí ewé, tàbí koríko. Aláàárù tó gbẹ́rù kúrò ní Ọjà'ba ló ń wé e fúnra rẹ̀. Òun ló mọ bí ó ṣe yẹ kó nípọn tó, òun náà ló sì ń tú u wé nígbà tí orí bá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ẹni tó ń jẹ ìnira náà ló ní àṣẹ lórí ìtura. Nígbà tí lọ́rì wá gba iṣẹ́ aláàárù, àṣẹ yìí bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ara ń ro. Àwọn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra wọn lábẹ́ ọkọ̀, tí à ń pè ní sípíríǹgì, ló wá di òṣùká tuntun, àwọn tó sì ń pinnu bí yóò ṣe le tó kì í ṣe àwọn tó jókòó lórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé ọ̀nà tí kò dára ló jẹ́ kí bọ́lẹ̀kájà, lọ́rì onípákó tó ń gbé ẹrù àti ènìyàn, máa gbọn àwọn baba àti ìyá wa jìgìjìgì, tàbí pé àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ìgbà náà kò mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹrù ni wọ́n ṣe ọkọ̀ náà fún, iye àpò tí olówó ọkọ̀ fẹ́ kó ló sì ń sọ iye irin tí yóò wà lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ọkọ̀ ṣe dé. Ìlú ológun ni Ìbàdàn láti nǹkan bí ọdún 1829, ìlú tí wọ́n kọ́ yí òkè Màpó àti Ọjà'ba, ọjà Ìbà Olúyọ̀lé, ká, tí ọ̀nà inú rẹ̀ jẹ́ ti ẹsẹ̀ ènìyàn àti ti ẹṣin àwọn balógun. Ojú irin láti Èkó dé ìlú náà ní 1901. Ní 1906 ni wọ́n la ọ̀nà ọkọ̀ láti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà mọ́tò àkọ́kọ́ ní gbogbo ilẹ̀ tó di Nàìjíríà. Ní òkè òkun nígbà náà, sípíríǹgì alábala ti wà lábẹ́ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin tipẹ́, Obadiah Elliott ti gba ìwé àṣẹ lé irú kan lórí ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, Dunlop sì ti ṣe táyà oníafẹ́fẹ́ jáde ní 1888. Síbẹ̀, rọ́bà tó ki gbandi, tí kò ní afẹ́fẹ́ nínú, ló wà lẹ́sẹ̀ ọ̀pọ̀ lọ́rì ẹrù títí di ẹ̀yìn Ogun Àgbáyé Kìíní. Kì í ṣe pé àwọn tó ń ṣe lọ́rì kò mọ táyà oníafẹ́fẹ́. Wọn kò fọkàn tán an pé ó lè gbé ẹrù wúwo. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí láti ìpìlẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ìtura du ọkọ̀ ẹrù, kó tó di pé ó kan ilẹ̀ wa. Nígbà tí àwọn lọ́rì fúyẹ́fúyẹ́ láti Amẹ́ríkà, irú ti Ford, wá gbòde láàárín ọdún 1920 sí 1930, àwọn ọmọ Ìbàdàn tó lówó lọ́wọ́, bíi Sàlámì Agbájé, ti wọ òwò ọkọ̀. Kòkó ni wọ́n ń kó, kòkó náà ló sì ń san owó ọkọ̀.

Ọ̀pọ̀ lọ́rì kì í dé ní odidi. Iwájú, ẹ̀rọ, ṣáásì àti táyà ni wọ́n ń kó wọlé. Àwọn káfíńtà wa ló ń fi pákó gẹdú kan ara rẹ̀. Láti 1931 tí ilé iṣẹ́ Bedford ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe lọ́rì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ rẹ̀ kàn dé gbogbo Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Bẹ́ǹṣì pákó ni wọ́n ń tẹ́ sínú ẹ̀yìn ọkọ̀, wọ́n sì lè yọ ọ́ kúrò bí ẹrù bá pọ̀. Bí wọ́n ṣe ń yọ bẹ́ǹṣì yìí ti fi ohun tí mo ń wí hàn: ìjókòó ènìyàn ló ń yẹ̀ fún ẹrù. Ẹ wá wo ìṣirò rẹ̀. Àpò kòkó 16 ló ń pé tọ́ọ̀nù kan. Lọ́rì tí wọ́n ṣe fún tọ́ọ̀nù 3, àpò 48 ló tọ́ sí i. Ẹni tó bá fẹ́ kó 60 mọ̀ pé sípíríǹgì yóò tẹ́, ara ọkọ̀ yóò jókòó lé táyà, bóyá irin kan yóò sì dá lójú ọ̀nà. Ó wá ní kí wọ́n fi irin kan tàbí méjì kún ti tẹ́lẹ̀. Irin tí wọ́n ń fi kún un yìí sábà máa ń nípọn ju ti ilé iṣẹ́ lọ, ibẹ̀ gan-an ni ìnira ti ń wọlé. Bí abala irin kan bá nípọn ní ìlọ́po méjì, líle rẹ̀ ń di ìlọ́po mẹ́jọ. Lọ́jọ́ tí ẹrù kún dẹ́nu, ọkọ̀ yóò rìn dáadáa. Lọ́jọ́ tó bá ń padà bọ̀ lófìfo, tó jẹ́ ènìyàn díẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, sípíríǹgì náà kò ní tẹ̀ tó bó ṣe yẹ. Gbogbo kòtò tí táyà bá bọ́ sí, ọ̀pá ẹ̀yìn ẹni tó jókòó ni yóò gbà á.

Níbi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mọ́ mi jù ni ilé àgbẹ̀dẹ. Àwọn kan máa ń sọ pé àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wa ń fi irin di irin ni, pé wọn kò mọ ìmọ̀ tó wà nídìí rẹ̀. Ìlú tó jagun tó bẹ́ẹ̀ kò ṣe aláìní alágbẹ̀dẹ, iṣẹ́ tí wọ́n sì ń ṣe lórí idà àti àdá, òun náà ni sípíríǹgì ń fẹ́. Irin líle ni sípíríǹgì, irin tó máa ń tẹ̀ tó sì máa ń padà sí ipò rẹ̀. Bí ẹ bá kì í bọ iná kó pọ́n, tí ẹ wá fi sílẹ̀ kó tutù fúnra rẹ̀, yóò rọ̀, yóò tẹ́, kò sì ní padà mọ́. Bí ẹ bá tì í bọ omi lójijì tí ẹ kò tún fi iná díẹ̀ rọ̀ ọ́, yóò le bí àwo, yóò sì dá. Alágbẹ̀dẹ tó fi ẹwìrì fẹ́ná, tó fi ẹ̀mú gbá irin mú, tó sì fi ojú wo àwọ̀ rẹ̀ títí tó fi mọ ìgbà tó yẹ kó tì í bọmi, ní ìmọ̀ tí àwọn ilé iṣẹ́ òkèèrè fi ń ṣe é gan-an. Ẹ̀rí rẹ̀ wà lóko: kárí Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, sípíríǹgì ọkọ̀ tó ti gbó ni alágbẹ̀dẹ fi ń rọ àdá, ọ̀bẹ àti ọkọ́, nítorí wọ́n mọ̀ pé irin rẹ̀ ń gba ojú. Nígbà tí Archibald Callaway ń ṣe ìwádìí iṣẹ́ ọwọ́ ní Ìbàdàn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ohun tó tẹnu mọ́ ni bí àwọn iṣẹ́ àtijọ́ àti iṣẹ́ òde òní ṣe ń so kọ́ra, àti bí ọmọ iṣẹ́ ṣe ń kọ́ wọn lọ́wọ́ ọ̀gá. Ẹni tó lè tẹ sípíríǹgì kó le lè tẹ̀ ẹ́ kó rọ̀. Ó lè yan irin tó fẹ́lẹ́, ó lè fà á gùn, ó lè fi gírísì sáàárín àwọn abala kí wọ́n lè máa yọ̀ lórí ara wọn. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó rán an ni. Ẹni tó gbé iṣẹ́ wá ń wá ọkọ̀ tí kò ní jókòó sílẹ̀ nígbà tó bá ń fi ẹrù gun òkè láti Ọjà'ba sí Màpó, níbi tí apá kan ìwúwo ti ń yí sẹ́yìn lé sípíríǹgì ẹ̀yìn.

Ẹnìkan yóò ní, ọ̀nà ńkọ́? Òótọ́ ni pé ọ̀nà burú. Yangí ni wọ́n fi ṣe púpọ̀ nínú wọn. Lẹ́ẹ̀rùn, ojú rẹ̀ ń ṣe gbágungbàgun, lójò ó ń di kòtò àti pọ̀tọ̀pọ́tọ̀. Mi ò fojú kékeré wo èyí. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà tó ń ṣe gbágungbàgun yẹn, ọkọ̀ ló ń dá a. Táyà tó bá ń sáré tó sì ń ta lórí yangí ń kó o jọ ní ìlà-ìlà, sípíríǹgì tó le sì lè mú kí táyà máa ta sí i. Ti ẹrù tilẹ̀ tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdánwò ńlá tí wọ́n ṣe ní Illinois ní Amẹ́ríkà láti 1958 sí 1960 fi hàn pé bí ẹrù orí ọ̀pá táyà kan bá di ìlọ́po méjì, ìbàjẹ́ tó ń ṣe sí ọ̀nà ń sún mọ́ ìlọ́po 16. Ọkọ̀ tí wọ́n mú le kó lè gbé àjùlọ ẹrù wà lára ohun tó ń ba ọ̀nà jẹ́, a wá ń di ẹ̀bi gbígbọ̀n rẹ̀ ru ọ̀nà. Ẹ̀rí kejì wà lára Peugeot 504, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975. Ọ̀nà kan náà ni òun àti lọ́rì jọ ń rìn, àmọ́ ìtura rẹ̀ ló gba orúkọ. Sípíríǹgì oníkíká ló wà ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ rẹ̀. Píkọ́ọ̀pù 504, tí orúkọ àti iwájú wọn jọ jẹ́ ọ̀kan, sípíríǹgì alábala ni wọ́n fi sẹ́yìn rẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan náà, ọ̀nà kan náà, ìpinnu méjì, nítorí ọ̀kan ń gbé ènìyàn, èkejì ń gbẹ́rù. Nígbà tí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn sì ṣí ní 1978, eré ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ẹrù fi ọ̀dà rẹ̀ ṣe. Irin abẹ́ wọn kò dín.

Ohun tó mú olówó ọkọ̀ máa ki ẹrù mọ́lẹ̀ kì í ṣe ojúkòkòrò lásán, mo sì gbọ́dọ̀ ṣe ìdájọ́ òdodo fún wọn. Ìjọba amúnisìn ní ojú irin tó fẹ́ kó máa pawó, lọ́rì sì ń gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n gbé owó ìwé àṣẹ ọkọ̀ ga. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tó wà nínú òwò ọkọ̀ àti kòkó ní Ìbàdàn nígbà náà, ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn onímọ́tò, ẹgbẹ́ náà sì daṣẹ́ sílẹ̀ ní 1937 lórí ọ̀rọ̀ owó yìí. Nígbà tí owó orí ọkọ̀ kan bá ti ga, ọ̀nà tó kù fún olówó rẹ̀ ni kó kó àpò púpọ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀ ni òfin tí wọ́n ṣe nítorí ojú irin ṣe wọ abẹ́ lọ́rì, tó di irin àfikún.

Àtakò tó le jù lọ nìyí: àwọn ìyá alájàpá tó ń wọ bọ́lẹ̀kájà ló ni púpọ̀ nínú ẹrù tó wà nínú rẹ̀. Bí ìyá kan bá ń kó gàrí tàbí iṣu rẹ̀ wọ Ọjà'ba, ṣé kò ní fẹ́ kí ọkọ̀ gbé gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ara òun máa ro? Ó ṣeé ṣe, èrò yẹn sì fi ọgbọ́n òwò wọn hàn. Àmọ́ ẹni tó bá yan ìnira nítorí pé kò sí ọkọ̀ mìíràn lójú ọ̀nà kò tíì yàn. Ìjókòó iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ ní owó tirẹ̀, ó sì ju ti ẹ̀yìn lọ. Èyí tó láti fi hàn pé àwọn èrò mọ iyì ìtura, wọ́n sì ń sanwó rẹ̀ bí wọ́n bá rówó. Ìyá alájàpá nìkan kọ́ ló sì ń wọ ọkọ̀. Aboyún wà níbẹ̀, arúgbó wà níbẹ̀, aláìsàn tí wọ́n ń gbé lọ sí ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ náà wà níbẹ̀. Àwọn wọ̀nyí kò ní àpò kankan tí wọ́n lè tìtorí rẹ̀ fara da gbígbọ̀n, síbẹ̀ sípíríǹgì àpò ẹlòmíràn ni wọ́n gùn.

Ẹrù àti ènìyàn ṣì jọ ń wọ píkọ́ọ̀pù ní Bẹẹrẹ àti Bẹ́yẹrúnkà ní Ìbàdàn lónìí, iṣẹ́ abẹ́ rẹ̀ kò sì yí padà púpọ̀. Wọ́n ṣe píkọ́ọ̀pù Hilux láti gbé nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan, nítorí náà ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń ta bí kò bá ní ẹrù. Ìdí nìyẹn tí awakọ̀ mìíràn fi ń ju àpò yanrìn sẹ́yìn. Yanrìn ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n epo ni wọ́n fi ń gbé e kiri. Ohun tó dára jù ni kí wọ́n yọ irin àfikún tó ki, kí wọ́n fọ àwọn abala tó kù kí ìpẹtà kúrò, kí wọ́n pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì tó ti kú, kí afẹ́fẹ́ táyà má sì ju ti ẹrù tó wà nínú ọkọ̀ lọ. Bí ẹrù wúwo kò bá ṣeé yẹ̀ sílẹ̀, àwọn tó ń ṣe lọ́rì ti ń lo ọgbọ́n kan tó pẹ́: abala irin tó nípọn, tó kúrú, tó sì tẹ́ pẹrẹsẹ, ni wọ́n ń fi sípò ibi tí kò ti ní kan ohunkóhun nígbà tí ọkọ̀ bá fúyẹ́. Àwọn abala tó fẹ́lẹ́ ni yóò máa gbé èrò; ìgbà tí ẹrù bá ti tẹ̀ wọ́n wálẹ̀ dé ìwọ̀n kan ni irin tó nípọn yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ bá wọn gbé e. Alágbẹ̀dẹ lè tẹ irú abala bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú iná àti owú tó wà níwájú rẹ̀, bí ẹni tó gbé ọkọ̀ wá bá ti lè sọ fún un pé ènìyàn náà ń wọ ọkọ̀ òun.