Ogun Ni Àwọn Baba Wa Fi Ń Ka Ọdún

Ẹ̀yin ará, púpọ̀ nínú wa ni ó mọ oríkì baba-ńlá rẹ̀, tí kò sì mọ ọdún tí a bí i. Àwọn àgbà kò kọ ọdún sílẹ̀. Ogun ni wọ́n fi ń ka ọjọ́ orí. Ẹni tí a bá wí pé a bí nígbà ogun Ìjàyè, láàrin 1860 àti 1862 ni. Ẹni tí ó ń rákò nígbà tí ọkọ̀ ojú irin kọ́kọ́ wọ Ìbàdàn, bí 1900 ni a bí i, nítorí 1901 ni ó dé ibẹ̀.

Ẹ wo Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther. A mọ̀ pé ní 1821 ni a kó Òṣoogùn, ìlú rẹ̀, nígbà tí òun wà ní ọmọdékùnrin. Nípa èyí ni a fi ń ka ìbí rẹ̀ sí bí 1809. Kì í ṣe orí burúkú ni ó sọ ọ́ di ẹrú: agbára Ọ̀yọ́ Ilé ti ń wó lọ, kò sì sí ẹni tí ó lè dá àwọn akónilẹ́rú lẹ́kun. Ní 1822 ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á lójú òkun. Ní 1846 ó tún rí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ìlú tí àwọn tí ogun lé kúrò nílé tẹ̀ dó ní 1830.

Nítorí náà, kí àwọn àgbà wa tó lọ, ẹ jẹ́ kí a bi wọ́n léèrè: ogun wo, ọba wo, ìyàn wo? Kí a sì kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀.