Ẹni Tó Ń Pọ̀n Ọmọ àti Ẹni Tó Lọmọ: Ẹ̀tọ́ Òbí Àgbà lórí Ọmọ Tí Ọmọdébìnrin Bí ní Ilé-Ifẹ̀

Ní Ilé-Ifẹ̀ Oòdáyé, ibi tí ojúmọ́ ti ń mọ́ wá, kì í ṣe tuntun kí ọmọdébìnrin tí ó ṣì ń lọ sí ilé-ìwé gboyún wálé, kí ẹni tí ó fún un lóyún fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, kí ìyá ọmọbìnrin náà, tí ó ti rò pé òun ti parí ọmọ títọ́, sì tún fa ọ̀já tí ó ti ká sínú àpótí jáde, kí ó máa pọ̀n ọmọ jòjòló ní ọjọ́ orí tí ó yẹ kí wọ́n máa pọnmi fún un. Àwọn àgbà ní ẹni tó bí ọmọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n, wọ́n sì rò pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ni òwe yẹn sọ, kò sọ ti àṣẹ. Ohun tí mo fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé òfin tí à ń lò lónìí ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìyá àgbà láìfún un ní àyè tí ó ní orúkọ. Àyè náà yẹ kó wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe orí ẹ̀jẹ̀ ni kí ó ti wá, orí ìtọ́jú ni.

Láyé àwọn baba wa, ìbéèrè ta ló ní àṣẹ lórí ọmọ kò lè wáyé, nítorí agbo ilé ló ń ni ọmọ. Bí àwọn àgbà bá ti fojú kan ikùn, wọn a pe ọmọbìnrin náà sí kọ̀rọ̀, wọn a ní kí ó dárúkọ. Ikọ̀ a gba ilé onítọ̀hún lọ, yálà ní Ìlódè tàbí ní Ìrẹ̀mọ, bí àwọn ará ibẹ̀ bá sì gba oyún, àwọn ni yóò gbé obì, orógbó, ataare, iyọ̀ àti oyin wá ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, ọmọ a sì di tiwọn títí ayé. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, bàbá ìyá ọmọ a sọ ọ́ lórúkọ, a fi oríkì ilé tirẹ̀ kì í, ó di ọmọ ilé. Ilé-ẹjọ́ àwọn òyìnbó pàápàá kò ta ko èyí: nínú ẹjọ́ Alake àti Pratt ní 1955, Ilé-ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà gbà pé ọmọ tí a bí láìsí ìgbéyàwó, bí bàbá rẹ̀ bá ti jẹ́wọ́ rẹ̀, lè bá àwọn ọmọ ìyàwó olórùka pín ogún. Ẹ kíyè sí i pé nínú gbogbo ètò yìí, kò sí ẹni tí ó bi ọmọbìnrin tí ó rọbí léèrè ohun tí ó ń fẹ́.

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003, tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sì ṣe tirẹ̀ ní 2007, wá yí ọ̀rọ̀ padà. Lójú òfin yìí, ọmọdé ni ẹni tí kò tíì pé ọdún 18. Nítorí náà ọmọdé méjì ló wà nínú ilé tí à ń sọ yìí, ọ̀kan ń fún èkejì lọ́mú. Síbẹ̀ abala 68 ní bí bàbá àti ìyá kò bá tíì ṣègbéyàwó nígbà tí a bí ọmọ, ọwọ́ ìyá ni ojúṣe òbí wà, kò sì béèrè ọjọ́ orí rẹ̀. Ọmọ ọdún 15, tí kò lè dìbò, tí kò lè lọ́kọ, ni òfin mọ̀ sí òbí. Ìyá rẹ̀ tí ó ń ra ọṣẹ àti ògì di àlejò. Ẹ tún wo abala 69, tí ó sọ ti ẹni tí ọmọ yóò máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀: bàbá tàbí ìyá ni yóò wá bẹ ilé-ẹjọ́, ire ọmọ àti ìwà òbí ni adájọ́ yóò wò, ohun tí ìyá àti bàbá ń fẹ́ ni yóò gbọ́. Mo ka gbólóhùn yẹn ní àkàtúnkà. Ìyá àgbà kò sí nínú rẹ̀. Ọ̀nà ìgbàṣọmọ wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìyẹn a sọ ìyá ọmọ di ẹ̀gbọ́n ọmọ lójú òfin, ta ló fẹ́ bẹ́ẹ̀?

N kò sọ èyí láti gbè sẹ́yìn gbogbo òbí àgbà, nítorí àwọn tí ohùn wọn ń ròkè jù nínú ọ̀ràn yìí kì í sábà jẹ́ àwọn tó ń fọ ìlédìí. Bàbá kan lè fa ọmọ rẹ̀ fún ẹni tí ó fún un lóyún kí ìtìjú lè kúrò nílẹ̀. Abala 21 sọ irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ di asán, abala 23 sì fi ìtanràn 500,000 náírà, tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún 5, tàbí méjèèjì, lé e lórí. Òmíràn a ní kí á parí rẹ̀ nílé, kí ẹni tí ó bá ọmọdé lòpọ̀ gbé owó díẹ̀ sílẹ̀, nígbà tí abala 31 ti ní ẹ̀wọ̀n gbére ni ìjìyà ìwà yẹn. Òmíràn a ní ilé-ìwé ti parí, bẹ́ẹ̀ abala 15 ní kí a fún ọmọbìnrin tí ó lóyún láyè láti padà sídìí ẹ̀kọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ. Irú àṣẹ yìí ni n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní.

Ṣùgbọ́n ìyá àgbà ni ó ń mú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ sí ibùdó ìlera, òun ló ń fi òrí ra ọmọ lára lálẹ́, òun ló mọ ẹ̀gbẹ́ tí ọmọ máa ń sùn sí. Nígbà tí ọmọ bá sì pé ọdún mẹ́ta, tí ojú rẹ̀ ti là, àwọn tí ó kọ oyún lánàá a sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ pẹ̀lú iṣu àti páálí mọ́ọ̀tì, wọn a ní àwọn wá mú ọmọ àwọn. Ìyá àgbà lè di abala 1 mú, tí ó fi ire ọmọ ṣíwájú. Ó lè tọ́ka sí ẹjọ́ Okwueze ní 1989, níbi tí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti ní ẹ̀tọ́ tí àṣà fún bàbá kò ní í dúró bí yóò bá pa ọmọ lára. Ṣùgbọ́n orúkọ ọmọ rẹ̀ ni yóò fi pe ẹjọ́ náà, bí ọmọbìnrin náà bá sì ti gba ọ̀nà Èkó lọ, ìyá àgbà di agbẹjọ́rò tí kò ní oníbàárà.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 2005 ni ilé-ẹjọ́ ti lè sọ òbí àgbà di alágbàtọ́ àkànṣe, tí yóò máa ṣe ìpinnu lórí ọmọ láìjẹ́ pé ẹni tí ó bí i pàdánù orúkọ ìyá. Ní Amẹ́ríkà, nínú ẹjọ́ Troxel àti Granville ní 2000, ilé-ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ kò jẹ́ kí òbí àgbà fi ipá gba àbẹ̀wò lọ́wọ́ ìyá tí ó tó ìyá ṣe. Ìyá tó ti dàgbà ni ìyẹn bá mu. Ti Gẹ̀ẹ́sì ló bá Ifẹ̀ lára mu. Bí Ilé-ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Òṣogbo bá fẹ́ fi í kún òfin wa, kí Ilé-ẹjọ́ Ìdílé kọ́kọ́ gbọ́ ẹnu ọmọbìnrin náà ní ìkọ̀kọ̀, láìsí bàbá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kí ẹni tí ó ń bẹ̀bẹ̀ fi hàn pé òun ti tọ́ ọmọ náà. Kí àṣẹ náà má sì jẹ́ kí ó lè gbé ọmọ fún ẹlòmíràn. Ọjọ́ tí ọmọbìnrin náà bá pé ọdún 18, kí ó lè padà wá síwájú ilé-ẹjọ́, kí ó ní òun ti ṣetán, kí ó sì jẹ́ pé ìyá rẹ̀ ni yóò ṣàlàyé ìdí tí ọmọ kò fi gbọdọ̀ padà sọ́dọ̀ rẹ̀.