Ọkọ̀ tó sùn sí ẹ̀yìnkùlé: ìtàn Land Rover àti àwọn tó ń tún un ṣe nílé

Ìtàn irin ni mo gbé wá lónìí.

Ta ni kò mọ agbo ilé kan tí ọkọ̀ àtijọ́ wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀? Koríko ti gba abẹ́ rẹ̀, adìẹ ti sọ ìjókòó dírẹ́bà di ibi tó ń yé ẹyin sí. Bí ẹ bá ní kí wọ́n tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, bàbá onílé á ní rárá o, òun máa tún un ṣe. Ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún rèé tó ti ń sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ ń fi í rẹ́rìn-ín. Kí wọ́n rọra o, nítorí irú rẹ̀ gan-an ló ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ tí orúkọ wọn rìn jìnnà jù lọ láyé.

Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 1948, wọ́n ṣí aṣọ lójú ọkọ̀ tuntun kan níbi ìpàtẹ ọkọ̀ ní Amsterdam. Land Rover ni wọ́n pè é. Lára àwọn tí wọ́n gbé lọ síbẹ̀, ọ̀kan wà tí ojú kò tún rí mọ́. Ọwọ́ dé ọwọ́, ó dé Wales, àwọn ọdún 1960 ni ó sì rìn lójú títì kẹ́yìn. Ó wá jókòó sínú pápá fún nǹkan bí ogún ọdún. Ẹnì kan rà á, ó fẹ́ tún un ṣe fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ náà kò parí. Inú ọgbà ilé ni wọ́n ti wá bá a, kò jìnnà ju ìwọ̀nba máìlì díẹ̀ lọ sí Solihull, ìlú tí wọ́n ti kàn án. Ní oṣù kìíní ọdún 2018, ilé iṣẹ́ tó ṣe é kéde pé àwọn fẹ́ jí i dìde.

Ká tó sọ bí wọ́n ṣe fẹ́ ṣe é, ẹ jẹ́ ká mọ ibi tí irú ọkọ̀ yìí ti wá.

Nígbà ogun Hítílà, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ń wá ọkọ̀ kékeré tí yóò gba inú ẹrẹ̀ àti orí òkè kọjá. Ilé iṣẹ́ Bantam ló kọ́kọ́ kàn án lọ́dún 1940, Willys àti Ford ló wá ṣe é lọ́pọ̀ yanturu, ó lé ní 600,000. Òun ni Jíìpù. Ogun parí, Jíìpù kún ilẹ̀, àwọn àgbẹ̀ sì ń rà á. Ọ̀kan bọ́ sọ́wọ́ Maurice Wilks, ọ̀gá àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Rover, tó ní oko ní erékùṣù Anglesey ní Wales. Ó fẹ́ràn rẹ̀, ó sì wúlò fún un lóko. Àmọ́ ọkọ̀ àjòjì ni, ogun ló sì bá a wá. Bó bá gbó tán, kí ni onítọ̀hún yóò fi rọ́pò rẹ̀? Spencer, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ni olùdarí Rover. Àwọn méjèèjì gbèrò pé kí àwọn ṣe tiwọn.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù nínú ìtàn náà rèé. Nígbà tí wọ́n máa kọ́kọ́ dán an wò lọ́dún 1947, wọn ò bẹ̀rẹ̀ láti orí òfìfo. Ṣásíì Jíìpù ni wọ́n mú, wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì Rover sórí rẹ̀, wọ́n sì fi sìtíárìn sí àárín gbùngbùn bíi ti katakata. Ẹ̀rọ oríṣi méjì tí wọ́n so pọ̀ ni. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé ẹni tó bá yí Land Rover padà ti ba ọkọ̀ jẹ́, ẹ bi í pé báwo ni wọ́n ṣe bí i.

Irin kò tó nǹkan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ogun. Ìjọba ló ń pín in, ẹni tó bá ń tajà sókè òkun ló ń rí púpọ̀ gbà. Rover wá fi alumíníọ̀mù ṣe ara ọkọ̀ náà, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Birmabright. Wọ́n sì jẹ́ kí ó tẹ́ pẹrẹsẹ, kí wọ́n má baà náwó sórí ẹ̀rọ ńlá tí ń tẹ pánù ní ìtẹ̀kọrọ. Wọ́n rò pé ọkọ̀ ìgbà díẹ̀ ni, tí yóò bá àwọn tu ọjà nǹkan ró. Kò pẹ́ tó fi tà ju àwọn ọkọ̀ ìgbafẹ́ Rover lọ. Èyí tí wọ́n pè ní Series kò dáwọ́ dúró títí di 1985. Arọ́pò rẹ̀ tó di Defender, ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2016 ni èyí tó kẹ́yìn jáde ní Solihull.

Bí wọ́n ṣe kàn án yìí náà ló jẹ́ kí àwọn èèyàn lè máa tún un ṣe nílé. Bóòtù ló di ọ̀pọ̀ nǹkan mú lára rẹ̀. Ẹni tó ní àpótí sípánà àti sùúrù lè tú ilẹ̀kùn, tú òrùlé, tú ìyẹ́ rẹ̀ méjèèjì kí oòrùn tó wọ̀. Títú kò ṣòro. Abẹ́ rẹ̀ ni wàhálà wà.

Ara ọkọ̀ ni alumíníọ̀mù, ṣásíì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Irin ni, wọ́n jó o pọ̀ bí àpótí gígùn tó ní ihò nínú. Omi àti ẹrẹ̀ á wọ ibẹ̀, wọn á sì jẹ ẹ́ láti inú wá síta. Ẹ lè rí ọ̀dà tó ń dán lójú rẹ̀, kí ẹ fi òòlù kàn án, kí òòlù wọlé. Ògiri irin tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti dírẹ́bà náà máa ń jẹrà, pàápàá níbi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Ibi tí alumíníọ̀mù bá sì ti fara kan irin nínú ọ̀rinrin, alumíníọ̀mù á bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹ̀tù funfun. Atẹ́gùn òkun ń mú un yá. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Kútọnu mọ ohun tí iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ ń ṣe sí pánù òrùlé.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe báyìí ni pé wọ́n á ra ṣásíì tuntun tí wọ́n ti rì bọ inú síńkì yíyọ́, kí ó má baà dípẹtà. Ẹ sì gbọ́ o: àwọn 48 tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, kí wọ́n tó máa ṣe é lọ́pọ̀, inú síńkì ni wọ́n rì ṣásíì tiwọn náà bọ̀! Pánù wọn tún nípọn jù. Ilé iṣẹ́ ló fi í sílẹ̀ nígbà tó ń ṣe é fún ọjà. Ohun tí Solihull jù sílẹ̀ nígbà náà, owó ara wọn ni àwọn tó ń tún un ṣe fi ń rà á padà.

Ní ti ẹ́ńjìnnì, àkọ́kọ́ kò ju lítà 1.6 lọ, agbára ẹṣin 50. Ó lágbára lóko, ó ń wọ́ nílẹ̀ lójú títì. Ọ̀pọ̀ ló ń gbé ẹ́ńjìnnì dísù 200Tdi sínú Series, èyí tó bá Discovery jáde lọ́dún 1989. Ọkọ̀ á sáré nígbà náà. Àmọ́ agbára tuntun á lọ bá ṣáàfù àtijọ́ tó ń yí táyà ẹ̀yìn, ṣáàfù yẹn kò sì lágbára rí. Á ṣẹ́, ó sì lè jẹ́ inú igbó ni. Ẹni tó bá pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ wo bíréèkì àti ṣáàfù kó tó dá owó jọ fún ọ̀dà. Èmi ò rí ẹ̀bi nínú pípààrọ̀ ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó bá sọ ti àtijọ́ sí ààtàn ni mo ní ẹjọ́ bá rò, torí ọmọ rẹ̀ lè fẹ́ dá a padà lọ́la.

Èyí ló mú mi padà sọ́dọ̀ ọkọ̀ Amsterdam. Ẹ ò rí i pé ilé iṣẹ́ tó ni ọ̀dà àti ẹ̀rọ gbogbo lè sọ ọ́ di tuntun gbáú? Wọn ò ní bẹ́ẹ̀ lọ́kàn. Wọ́n ní àwọn máa dá àpá ara rẹ̀ sí, títí kan ọ̀dà àwọ̀ ewé fẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n kùn ún lọ́dún 1948. Bí wọ́n bá kun òmíràn lé e, ta ló máa gbà gbọ́ pé òun ló lọ sí Amsterdam?

Ẹ padà sọ́dọ̀ bàbá wa tó ní ọkọ̀ lẹ́yìnkùlé. Ẹ bá a gé koríko, ẹ bá a wá tapólì bò ó. Kó ya fọ́tò gbogbo rẹ̀ kó tó tú bóòtù kan ṣoṣo, kó sì kọ orúkọ sí ara àpò tó bá kó bóòtù sí. Kó má tú gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Apá kan ni kó mú, kó parí rẹ̀, kó tó kan òmíràn. Ẹ̀yin tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wà nílé yín, yálà Land Rover ni tàbí Peugeot báàṣé àtijọ́, kí ni ẹ ti pààrọ̀ lára rẹ̀, kí sì ni ẹ kọ̀ láti fọwọ́ kàn?