Àwọn Ilé Àtijọ́ Kánò Tó Yẹ Ká Yà Sí Fọ́tò

Tí àwọn ọmọ wa bá gbé fóònù jáde ní Kánò yìí, ara wọn ni wọ́n ń yà, tàbí afárá títì. Ilé amọ̀ tí wọ́n ń kọjá lára rẹ̀ kò jọ wọ́n lójú. Bẹ́ẹ̀ sì ni ilé wọ̀nyí ń dín kù: bí òjò bá wó ọ̀kan, búlọ́ọ̀kù ni wọ́n fi ń tún un kọ́.

Ẹ jẹ́ ká wò wọ́n dáadáa. Amọ̀ tí wọ́n fọwọ́ mọ, tí ìdí rẹ̀ fẹ̀ tí orí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, ni wọ́n fi ń mọ ògiri. Tubali ni Haúsá ń pè é. Igi azara tí ikán kì í lè jẹ ló gbé òrùlé ró. Ìwo amọ̀ yọ sókè ní igun òrùlé. Nínú yàrá mìíràn, àwo tánganran ni wọ́n lẹ̀ mọ́ àárín àjà. Lójú ògiri, ẹ ó rí kẹ̀kẹ́, mọ́tò tàbí aago tí wọ́n fi amọ̀ ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọnà àtijọ́. Àwa oníṣòwò mọ ohun tí onílé ń sọ: ọjà ti tà.

Gidan Makama, tó ti wà láti nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn, ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Bẹ́ẹ̀ náà ni Gidan Dan Hausa, níbi tí Hanns Vischer ti dá ilé ìwé sílẹ̀ ní 1909. Àwọn wọ̀nyí ní olùtọ́jú. Ayagi ló ń kọ wá lóminú. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ọkọ̀ ojú irin, tó so Èkó mọ́ Kánò ní 1912, ló kó Yorùbá dé ibí. Rárá o. Ṣáájú kí Sabon Gari tó wà ni àwọn Yorùbá ti ń gbé Ayagi, nínú odi ìlú. Haúsá ni àwọn ọmọ wọn ń sọ báyìí. Ta ló ní fọ́tò ilé wọn?

Ẹni tó bá fẹ́ yà wọ́n, kó kọ́kọ́ kí onílé, kó tọrọ àyè. Ẹ má ṣe kọjá zaure, yàrá ẹnu ọ̀nà, nítorí ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin ló kù lẹ́yìn rẹ̀. Àárọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́ ló dára. Òjìji ló ń gbé ọnà ara ògiri yọ, oòrùn ọ̀sán kì í jẹ́ kó hàn. Ẹ kọ orúkọ àdúgbò àti ọdún sẹ́yìn fọ́tò, kí ẹ mú ẹ̀dà kan wá fún akọ̀wé nípàdé oṣù. A ti ra álíbọ́ọ̀mù méjì sílẹ̀. Ayagi ni a fẹ́ fi ṣe ojú ewé àkọ́kọ́.