Ìmọ́lẹ̀ Ẹnu Ọ̀nà: Àwọn Onífọ́tò Arìnrìn-àjò ní Etíkun Wa

Ìbéèrè kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń bi wá ni pé: èé ṣe tí àwọn baba ńlá wa kì í rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò? Ọ̀pọ̀ a máa rò pé ìyà ìjọba amúnisìn ni ó fà á. Kí a tó gbà bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí a mọ bí a ti ṣe ya àwọn fọ́tò náà.

Kí iná mànàmáná tó kárí, oòrùn ni fìtílà onífọ́tò, ojú ọ̀nà sì ni ọjà rẹ̀. Augustus Washington, ọmọ adúláwọ̀ Amẹ́ríkà, kó wá sí Làìbéríà ní 1853, ó sì ti ibẹ̀ gbé kámẹ́rà rẹ̀ lọ sí àwọn ìlú mìíràn ní etíkun. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ará ìdílé Lutterodt láti Àkrà ń ṣiṣẹ́ láti ìlú dé ìlú. Ní Lomé níhìn-ín, Alex Acolatse (1880–1975) ya àwọn ará ìlú láyé Jámánì àti láyé Faransé.

Inú ilé a máa ṣókùnkùn. Onífọ́tò tí ó dé ìlú àjèjì yóò gbé àga sún mọ́ ẹnu ọ̀nà tàbí fèrèsé, yóò sì ta aṣọ sẹ́yìn rẹ̀. Yóò kọ ojú ẹni náà sí ìmọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ kí oòrùn gan-an bà á, nítorí oòrùn ọ̀sán a máa sọ kòtò ojú di dúdú. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá ṣókùnkùn, aṣọ funfun tàbí ògiri tí a fi ẹfun kùn yóò dá ìmọ́lẹ̀ padà sí i. Níwọ̀n bí ìmọ́lẹ̀ náà kò ti pọ̀, ojú kámẹ́rà gbọ́dọ̀ là pẹ́ díẹ̀. Ẹni tí ó bá mirí tàbí tí ó rẹ́rìn-ín, àwòrán rẹ̀ yóò dàrú. Nítorí náà ni Seydou Keïta, tí ó ṣí ilé fọ́tò ní Bamako ní 1948, fi ń lo àgbàlá ilé rẹ̀, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ ti tó.

Àwọn Yorùbá kó ipa ńlá nínú iṣẹ́ yìí, gẹ́gẹ́ bí òpìtàn Erika Nimis ti fi hàn nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 2005. Ọmọ iṣẹ́ a kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá, a gba òmìnira, a sì wá ìlú tí onífọ́tò kò tíì pọ̀ sí lọ. Nígbà tí ìjọba Busia ní Gánà pàṣẹ ní oṣù kọkànlá 1969 pé kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀pọ̀ Yorùbá di ẹrù wọn. Àwọn kan padà sílé. Àwọn mìíràn wá ibùgbé tuntun ní àwọn ilẹ̀ tí ń sọ Faransé, títí kan Tógò.

Síbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ nìkan kọ́ ni ìdáhùn. Ní 1978, Stephen Sprague kọ̀wé nípa fọ́tò láàárín àwọn Yorùbá, pàápàá ní Ìlá-Ọ̀ràngún. Nígbà náà, fíìmù ti yá, kò sí ìdí fún ẹnikẹ́ni láti dúró bí òkúta. Síbẹ̀, àgbà ṣì ń jókòó gbọnin, ó tẹ́ aṣọ rẹ̀ dáadáa, ó gbé ọwọ́ lé itan, ó kọjú sí kámẹ́rà. Ohun tí ìmọ́lẹ̀ fi dandan lé, ìwà àgbà ti sọ ọ́ di ọlá. Ìbànújẹ́ kọ́ ni, ìyì ni.

Ọ̀pọ̀ káàdì ìfìwéránṣẹ́ ayé amúnisìn ni kò sọ orúkọ ẹni tí ó wà nínú rẹ̀. Fọ́tò inú ilé ní orúkọ, ṣùgbọ́n ẹnu àwọn àgbà nìkan ni ọ̀pọ̀ orúkọ náà wà. A rọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́: ẹ bi wọ́n léèrè báyìí, kí ẹ sì fi pẹ́ńsù kọ orúkọ, ìlú àti ọdún sẹ́yìn fọ́tò kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó jókòó jẹ́ẹ́ kí a lè rí ojú rẹ̀ kò yẹ ní ẹni tí a kò mọ orúkọ rẹ̀.